Bàbá Onígbá Tó Padà Sí Ahoro

Lọ́jọ́ tí Bàbá Onígbá, bàbá tó bí bàbá mi, jáde láyé, ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn ará Ẹ̀bá-Títì kì í ṣe "ẹ kú ará-fẹ́ra-kù". Ohun tí wọ́n ń sọ síra wọn létí ni pé Ahoro ti rí bàbá náà mú nígbẹ̀yìn. Ẹ bá mi gbọ́ ọ. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, tó mu ògì láàárọ̀, tó kírun ọ̀sán, tó fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò tí kò sì dìde mọ́, òun ni wọ́n ní ilẹ̀ pa. Inú bí mi débi pé omijé kọ̀, kò jáde. Mo sì mọ̀ pé ká ní Bàbá gbọ́ ọ ni, ẹ̀rín ni wọn ì bá rín. Wọn ì bá ní, "Àjíkẹ́, Ahoro yìí mà lọ́ra o. Ó pẹ́ kó tó rí mi."

Ẹni tí kò bá mọ ọ̀dọ̀ wa lè máa bi ara rẹ̀ pé kí ni ń jẹ́ Ahoro. Àárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni abúlé wa wà, lójú ọ̀nà àtijọ́. Ẹ̀bá-Títì ni wọ́n ń pè é nítorí pé etí títì ló wà, gbogbo ilé ibẹ̀ ló kọjú sí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni àwọn baba wa tẹ̀dó sí. Orí òkè tó wà lódìkejì odò ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni a sì ń pè ní Ahoro. Láti kékeré mi ni mo ti ń gbọ́ pé èèwọ̀ ni. A kì í kọ́lé síbẹ̀, a kì í dáko síbẹ̀, a kì í sìnkú síbẹ̀, ẹni tó bá sùn síbẹ̀ kò sì ní pẹ́ láyé. Tọmọdé tàgbà ló gbà bẹ́ẹ̀. Bàbá nìkan ló ń sọ pé irọ́ ni, wọ́n sì ń sọ ọ́ síta, wọ́n ń sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń sọ ọ́ níbi tí wọn ò ti bi wọ́n.

Nígbà tó kù bí oṣù mélòó kan kí wọ́n lọ, wọ́n pè mí jókòó. Wọ́n ní, "Níwájú ilé bàbá mi, Àjàní, ni kẹ́ ẹ sin mí sí, ní Ahoro. Bẹ́ ẹ bá gbé mi lọ síbòmíì, wọ́n á ní èèwọ̀ ló borí." Bàbá tó bí mi ti kú ṣáájú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bọ̀dá Múfú, tó jẹ́ olórí ẹbí báyìí, jẹ́ èèyàn pẹ̀lẹ́ tí kì í fẹ́ bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà. Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe já lé èmi lọ́wọ́.

Iṣẹ́ igbá ni Bàbá ṣe ní Ọ̀yọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n máa ń lọ ra igbá tí wọn ò tíì fín ní Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tó ń kó o bọ̀ láti òkè ọya. Wọ́n ń fín igbá, wọ́n ń kùn ún, ṣùgbọ́n igbá rírán ló gbé orúkọ wọn jáde. Bí igbá bá sán, tí ẹlòmíì bá fẹ́ sọ ọ́ sínú iná, wọ́n á ní kó gbé e lọ fún Bàbá Onígbá. Wọ́n á fi irin ṣóńṣó gbígbóná lu ihò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú ibi tó sán, wọ́n á ki okùn bọ̀ ọ́, wọ́n á fà á díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi pa dé. Wọn kì í sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ń fà á. Èèyàn lè kí wọn títí, wọn ò ní dáhùn, ẹni tí kò mọ̀ wọ́n á sì bínú lọ.

Èmi ní tèmi, ike ni mò ń tà ní Ọjà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Abọ́, bọ́kẹ́ẹ̀tì, kẹ́ẹ̀gì, ife, gbogbo rẹ̀ ni mò ń kó jọ sójú títì. Lọ́jọ́ kan mo mú abọ́ pupa kan tó wù mí dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n fi èékánná kàn án.

"Tó bá sán ńkọ́?"

"A ó ra òmíì, Bàbá."

"Ẹni tó ṣe é ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ lo máa wí. Kò fẹ́ kó o ní abọ́. Ó fẹ́ kó o máa padà wá."

Mo ní, "Bàbá, ọjà nìyẹn." Wọ́n ní àwọn gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi abọ́ pupa mi fún adìẹ lómi, bí àlejò bá sì dé, wọ́n á nàka sí i, wọ́n á ní, "Ọmọ mi tó rí já jẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló rà á fún mi. Àwọn adìẹ ń dúpẹ́."

Ìṣe wọn míì tún wà tó máa ń kó ìdààmú bá dírẹ́bà. Bí a bá wọkọ̀ láti Ọ̀yọ́, tó kù díẹ̀ ká wọ Ẹ̀bá-Títì, Bàbá á ní kí ọkọ̀ dúró. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ tọ̀pátọ̀pá, wọ́n á gba inú koríko ẹ̀yìn ilé kọjá, wọ́n á wá tún wọkọ̀ níwájú. Dírẹ́bà kan bínú lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá, bó bá jẹ́ ìtọ̀ ló ń gbọ̀n yín, ẹ sọ." Bàbá dá a lóhùn láìbínú pé ìyá bàbá àwọn ló sùn sábẹ́ títì níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú títì náà fẹ̀, orí sàréè ìyá náà ni wọ́n da ọ̀dà lé. Dírẹ́bà wá ní ṣé kí òun náà yà gbabòmíì ni. Bàbá ní, "Rárá, ìwọ máa kọjá. O ò mọ̀ ọ́n. Èmi mọ̀ ọ́n."

Ohun kan ṣoṣo tó lè mú Bàbá pariwo ni kéèyàn máa sọ ìtàn ìjà tí àwọn baba wa bá ìjọba Òyìnbó jà bí ẹni ń sọ ìtàn àwọn aláìmọ̀kan. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ọ̀yọ́ nígbà tí ọkùnrin kan ń sọ lórí rédíò pé àwọn ará abúlé ayé àtijọ́ dojú ìjà kọ ìjọba Òyìnbó nítorí pé wọn ò fẹ́ ọ̀làjú. Bàbá sọ irin ọwọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n pa rédíò náà. "Ọ̀làjú wo? Ṣé wọ́n bi ẹnì kankan ni?" Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀.

Bàbá ní títì ni àwọn Òyìnbó fi bẹ̀rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó tó wà ní Ọ̀yọ́ ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ọkùnrin tó lágbára wá láti la ọ̀nà. Kò sí owó iṣẹ́, oúnjẹ ẹni lèèyàn sì ń gbé dání lọ. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ tán, oko ń pè wọ́n, ọ̀nà ni wọ́n wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kọ́ọ̀tù dé. Adájọ́ tí wọ́n gbé wá kì í ṣe ará ibẹ̀, kò mọ ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, kò mọ ẹni tó ń ṣàìsàn. Ẹni tí kò bá yọjú sójú ọ̀nà ti jẹ̀bi. Àwọn akódà, ìyẹn àwọn òjíṣẹ́ kọ́ọ̀tù, á wọlé onítọ̀hún, wọ́n á mú ohun tí ojú wọn bá tó. Wọ́n kó ewúrẹ́, wọ́n kó adìẹ. Àwọn èèyàn ráhùn títí, wọ́n sì fara dà á. Bàbá ní bó bá jẹ́ pé ewúrẹ́ nìkan ni, bóyá wọn ì bá máa kó o títí dòní.

Ṣùgbọ́n opó kan wà, ìyá Àjàní. Àjàní yìí ló wá bí Bàbá nígbẹ̀yìn. Bí Bàbá bá ń sọ ìtàn yìí, wọn kì í pe bàbá wọn ní "wọ́n". Wọ́n ní ọmọkùnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gbóná ni lọ́jọ́ náà, kò tíì di bàbá ẹnikẹ́ni. Àjàní sá kúrò lójú ọ̀nà, ó lọ kọ ebè kí òjò tó kọjá lórí rẹ̀. Akódà méjì dé ilé ìyá rẹ̀. Ìyá náà ò ní ewúrẹ́, kò ní adìẹ. Wọ́n bá gbójú sókè, wọ́n rí akèrègbè tó so rọ̀ lókè àdògán níbi tí èéfín ti ń fẹ́ sí i. Irúgbìn ọkà bàbà ọdún náà ló wà níbẹ̀. Wọ́n já a, ìyá náà dì í mú, wọ́n fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́ títí tó fi já bọ́ tó sì sán. Ọkà dà sílẹ̀. Nígbà tí Àjàní dé, ìyá rẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń ṣa ọkà nínú iyanrìn, adìẹ àwọn aládùúgbò ń bá a ṣa á.

Bí wọ́n bá dé ibẹ̀, Bàbá á ní, "Ewúrẹ́ tí wọ́n mú, tọdún yìí ni. Ẹni tó mú irúgbìn mi, ọdún tó ń bọ̀ ló mú. Kí ni mo tún fẹ́ dúró dè?"

Àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ jáde. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé akèrègbè irúgbìn wọn lórí, òfìfo, wọ́n lọ tò ó sílẹ̀ níwájú kọ́ọ̀tù. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Adájọ́ jáde, ó ní kí wọ́n kó pàǹtí wọn kúrò níwájú òun, akódà kan sì fi bàtà fọ́ ọ̀kan. Ó tán. Kí oòrùn tó wọ̀, kọ́ọ̀tù ti jóná, adájọ́ àti akódà ti gba inú igbó sá lọ sí Ọ̀yọ́. Àjàní àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gun òpó wáyà tí àwọn Òyìnbó fi ń ránṣẹ́ lójú ọ̀nà, wọ́n gé e bọ́ sílẹ̀, kí wọ́n má baà tètè rí sójà pè.

Àwọn sójà dé ṣá. Wọ́n ní ọkùnrin ilé tí àwọn bá ti rí wáyà ìjọba ti lọ nìyẹn. Wọ́n tú àjà, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n da ọkà nù nínú àká. Wọn ò rí nǹkan kan. Àjàní tó ń kọ́ iṣẹ́ igbá nígbà náà ti gé wáyà ọ̀hún sí wẹ́wẹ́, ó ti fi rán gbogbo igbá tó sán ní abúlé, ó fi èédú àti epo pa á kó má baà dán. Ó ti fi rán akèrègbè ìyá rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, òǹgbẹ ń gbẹ olórí sójà, ó ní kí wọ́n fún òun lómi. Ìyá Àjàní fi igbá tí wọ́n fi wáyà rán gbé omi fún un lórí ìkúnlẹ̀. Bàbá kì í lè sọ ibi yìí tán láìrẹ́rìn-ín. Wọ́n á rín títí ikọ́ á fi dé. "Ohun tó ń wá wà lọ́wọ́ rẹ̀, Àjíkẹ́. Ó mumi nínú rẹ̀, ó dá a padà, ó tún dúpẹ́."

Ẹ̀rín náà ò gùn, nítorí èyí tó tẹ̀ lé e ò ṣeé rín. Wọ́n kó àwọn ọkùnrin kan lọ, àwọn tí wọ́n rò pé àwọn ni aṣáájú, wọn ò sì padà wálé mọ́. Wọ́n sun ilé. Wọ́n lé gbogbo abúlé sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè wá sí etí títì tí àwọn ará abúlé fúnra wọn fi ọwọ́ là, wọ́n ní kí ilé kọ̀ọ̀kan kọjú sí ọ̀nà, kí ẹni tó ń kọjá lè máa rí ohun tí wọ́n ń ṣe. Olórí sójà dúró, ògbifọ̀ sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kọ́lé sórí òkè yẹn, ẹ ò gbọ́dọ̀ dáko síbẹ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ sìnkú síbẹ̀, ẹni tó bá sùn síbẹ̀ kò ní pẹ́ láyé. Ìbọn ló ní lọ́kàn. Ìyá Àjàní kú láìpẹ́ sígbà náà. Àjàní bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun sin ín ti ọkọ rẹ̀ ní Ahoro, wọ́n kọ̀. Etí títì ló sin ín sí, títì sì padà wá bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ ẹ̀ rí i bí? Àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ògbifọ̀ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wọn kí wọ́n má baà yìnbọn pa wọ́n. Àwọn ọmọ sọ ọ́ fún ọmọ tiwọn, wọn ò dárúkọ sójà mọ́. Nígbà tí yóò fi kan àwa, Òyìnbó ti lọ, àsíá ti yí padà, ọ̀rọ̀ ẹnu ọkùnrin oníbọn kan ti di èèwọ̀ àwọn baba ńlá wa. A ń fi ọwọ́ ara wa ṣọ́ ẹnubodè fún ẹni tó ti kú tipẹ́. Ohun tó ń dun Bàbá jù nìyẹn, ó dùn wọ́n ju ilé tí wọ́n sun lọ.

Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan pé, "Bàbá, ṣé àwọn Àjàní wá borí ni, àbí wọn ò borí?" Wọ́n ń fa okùn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fà á tán, wọ́n ní, "Wọ́n gbé adájọ́ yẹn lọ. Wọ́n tún kọ́ọ̀tù kọ́, akódà sì ń wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tún na ọwọ́ sí akèrègbè irúgbìn mọ́. Ìwọ ni kó o fún un lórúkọ."

Lẹ́yìn ikú màmá wa àgbà, tí ọwọ́ Bàbá ti ń gbọ̀n tí wọn ò lè fín igbá mọ́, wọ́n palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù Ọ̀yọ́ mọ́, wọ́n ní àwọn ń lọ sílé. A rò pé Ẹ̀bá-Títì ni. Àfi ìgbà tí Bọ̀dá Múfú pè mí lórí fóònù, wọ́n ní Bàbá ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ní Ahoro. Ẹbí pé jọ. Àwọn kan ní ogbó ti ń dààmú wọn. Baálẹ̀ Ẹ̀bá-Títì, tí wọ́n kéré sí Bàbá díẹ̀, ránṣẹ́ sí wọn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ara yín ṣe àpẹẹrẹ fún wa." Bàbá dá iṣẹ́ náà padà pé àpẹẹrẹ gan-an ni àwọn fẹ́ ṣe.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n sùn síbẹ̀, àwọn èèyàn ti dúró sí etí odò, àwọn mìíràn mú ṣọ́bìrì dání. Bàbá sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, bùtà ṣíṣe àlùwàlá lọ́wọ́ wọn, wọ́n wá pọnmi. Wọ́n kí gbogbo wọn dáadáa. Wọ́n wo àwọn tó mú ṣọ́bìrì, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló kú?"

Kò sẹ́ni tó gòkè lọ wò wọ́n, nítorí ìbẹ̀rù. Èmi àti Bọ̀dá Múfú nìkan la máa ń lọ, Bọ̀dá Múfú kì í sì í jókòó. Nítorí náà ni kò fi sẹ́ni tó mọ̀ pé ọkà bàbà ni Bàbá gbìn síwájú ilé Àjàní. Irúgbìn rẹ̀ ń gbé inú akèrègbè tí wọ́n fi wáyà rán, akèrègbè ìyá Àjàní gan-an, tí Bàbá ń fi epo pa lára lọ́dọọdún. Nígbà ìkórè àkọ́kọ́, wọ́n di ọkà fún mi, wọ́n ní kí n gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, bí mo bá tún ń bọ̀, kí n bù ú sínú abọ́ ike mi, kí n fi kí Baálẹ̀.

Mo ní, "Baálẹ̀ tó ń bá yín jà?"

"Òun náà kúkú ni. Má sọ pé èmi ni. Ṣùgbọ́n tó bá bi ọ́ níbi tó ti wá, má parọ́ fún un."

Baálẹ̀ ò bi mí rí. Wọ́n mọ̀ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń bọ̀, wọ́n gbà pé Sábó ni mo ti rà á. Wọ́n á tú u wò, wọ́n á ní, "Àdúrà ni mo máa ṣe fún ọ, ọmọ mi. Ọkà yìí dáa ju ti ọjà ibí lọ." Lọ́dọọdún ni mo ń gbé e lọ, lọ́dọọdún ni mo sì ń jíṣẹ́ fún Bàbá, tí wọ́n á máa fetí sílẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn rédíò. "Jẹ́ kó máa jẹ ẹ́," ni wọ́n máa ń wí. "Ọjọ́ tí wàá sọ fún un ń bọ̀. Wàá mọ̀ ọ́n bó bá dé. Ike rẹ náà ti rí iṣẹ́ ṣe wàyí."

Ọjọ́ náà ni ọjọ́ ikú wọn. A wẹ̀ wọ́n, a wọ aṣọ funfun fún wọn. Bọ̀dá Múfú ní ká gbé wọn lọ sí Ọ̀yọ́, kí gbogbo rẹ̀ lọ ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀. Mo ní rárá. Mo ní bí ẹ bá gbé wọn lọ sí Ọ̀yọ́, ẹ ti parọ́ mọ́ òkú nìyẹn. Bọ̀dá wo àlùfáà tó wá kírun sí wọn lára. Àlùfáà ní gbogbo ilẹ̀ ló jẹ́ ti Ọlọ́run, òun kàn fẹ́ kó parí kí oòrùn tó wọ̀. Bọ̀dá bá mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Gbé akèrègbè ìyá Àjàní, ká máa lọ."

A dé etí odò, Baálẹ̀ àti àwọn àgbà abúlé ti dúró dí ojú ọ̀nà. Baálẹ̀ ò pariwo. Ojú wọn pọ́n, wọ́n ti sunkún. Wọ́n ní, "Àjíkẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ló kú, ó dùn mí ju bó o ṣe rò lọ. Ṣùgbọ́n a kì í sìnkú sí Ahoro. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wà lábúlé yìí. Bí ilẹ̀ bá bínú, àwọn ni yóò kọ́kọ́ mú."

Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú akèrègbè lórí mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ máa bínú sí mi lẹ́yìn tí mo bá sọ̀rọ̀ tán. Ọkà bàbà tí mò ń gbé wá fún yín, ẹ ò bi mí rí níbi tó ti wá."

"Ṣebí Sábó ni?"

"Ahoro ni, Bàbá. Iwájú ilé Àjàní."

Àwọn tó wà lẹ́yìn wọn sún sẹ́yìn. Baálẹ̀ ò mira. Wọ́n ní, "Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀. Àtèyí tí ẹ fi ṣe ògì nígbà tí ẹ ń já ọmọ-ọmọ yín lẹ́nu ọmú. Ó ti ń lọ sí iléèwé báyìí."

Mo sọ akèrègbè náà kalẹ̀, mo sì sọ ti sójà àti ògbifọ̀ fún wọn ní gbangba, bí Bàbá ṣe sọ ọ́ fún mi. Bóyá wọ́n ń gbọ́, bóyá wọn ò gbọ́, mi ò mọ̀. Baálẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi àtàǹpàkò ha èédú tó wà lára wáyà. Ó ń pọ́n yọ.

"Kí lẹ fi rán an?"

"Wáyà ìjọba tí wọ́n gé, Bàbá. Àjàní fi rán gbogbo igbá abúlé, káwọn sójà má baà rí i."

Baálẹ̀ ṣì bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n rọra sọ ọ́, bí ẹni pé ara wọn ni wọ́n ń sọ ọ́ fún: "Irú rẹ̀ wà nílé wa. Ti ìyá mi ni. Ìyá mi ò jẹ́ ká sọ ọ́ nù, kò sì sọ ohun tó jẹ́ fún wa."

Wọ́n dìde. Wọ́n ká apá agbádá wọn sí èjìká, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n wá ti Bọ̀dá Múfú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì gba orí pósí tí a fi gbé òkú. Àwọn àgbà yòókù ń wo ara wọn. Díẹ̀ lára wọn tẹ̀ lé wa gòkè. Àwọn tó kù dúró sí etí odò títí a fi padà dé, mi ò sì bínú sí wọn. A sin Bàbá síwájú ilé Àjàní, níbi tí ògiri rẹ̀ tó jóná ṣì yọrí díẹ̀ nínú koríko. Nígbà tí àlùfáà ń ṣe àdúrà ni omijé mi tó rí ọ̀nà jáde.

Kò túmọ̀ sí pé gbogbo abúlé yí padà o. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, àwọn kan ṣì ń sọ pé Ahoro ló pa Bàbá, wọ́n sì ń dúró kí wọ́n rí ohun tí yóò ṣe Baálẹ̀. Kí wọ́n máa dúró. Mo ti mú abọ́ pupa tí adìẹ fi ń mumi padà sí Ọjà Igbó, mi ò sì tà á.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Baálẹ̀ ránṣẹ́ pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mo di ọkà sínú ike bí mo ṣe máa ń ṣe, mo gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n ní kì í ṣe jíjẹ ni àwọn fẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, irúgbìn ni, ilẹ̀ bàbá àwọn wà lápá òsì ilé Àjàní. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n sì gbé akèrègbè kan jáde tí eruku bò, tí wáyà pupa gba ìhà rẹ̀ kọjá láti ẹnu dé ìdí. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú síwájú mi. Mo bu ọkà sí i títí tó fi kún.